Ṣé ẹni tó fojú rí nìkan ló mọ̀? Ibì kan nínú ìwé Plato ń dà mí láàmú

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní kọ́ọ̀tù, ọdún kẹtàlá rèé. Ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èmi á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Lọ́yà á béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á dá a padà sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó ń ni mí lára jù nínú iṣẹ́ yìí ni "mọ̀". Lọ́yà á bi àgbàlagbà kan pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá olùjẹ́jọ́ ló ni ilẹ̀ yìí?" Bàbá á dáhùn pé, "N kò mọ̀. Bàbá mi ló sọ fún mi." Èmi á túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Lọ́yà á yíjú sí adájọ́, á ní ẹlẹ́rìí ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan kan, á sì jókòó. Mo máa ń rí ojú bàbá bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, kò sì sọ pé òun kò mọ nǹkan kan.

Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń ka ìwé kan tí Plato, amòye Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ, tó ń jẹ́ Theaetetus, díẹ̀díẹ̀, lálaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: kí ni ìmọ̀? Socrates, olùkọ́ Plato, tó ti darúgbó, ló ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò kan, Theaetetus. Èsì àkọ́kọ́ tí ọmọ náà fún un ni pé ìmọ̀ kò ju ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ara mọ̀ lára lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ìwé náà tí Socrates fi wó èsì yìí palẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ń lọ sópin, ó mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilé ẹjọ́. Ó ní bí wọ́n bá ja ẹnì kan lólè owó, tí àwọn onídàájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí wọ́n sì dá a bó ṣe yẹ kí wọ́n dá a gan-an, èrò tó tọ́ ni wọ́n ní, wọn kò ní ìmọ̀. Ó ní ẹni tó fojú rí i nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó ti fi ìlàjì ìwé sọ pé ìríran kì í ṣe ìmọ̀, báwo ló ṣe tún wá ń sọ pé ẹni tó rí nìkan ló mọ̀? Mo fẹ́ túmọ̀ ojú ewé yẹn sí Yorùbá, n kò sì lè túmọ̀ ohun tí kò yé mi.

BàbáOníwèé

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìwé yẹn tó ìgbà mẹ́rin, ibi tí o dúró sí yẹn ni èmi náà dúró sí nígbà àkọ́kọ́.

Kí a tó dé ilé ẹjọ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun tí Socrates wó palẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò fọwọ́ kàn. Nígbà tí Theaetetus dáhùn, Socrates ní ọ̀rọ̀ Protagoras nìyẹn. Protagoras ará Abdera ló sọ pé ènìyàn ni òṣùwọ̀n ohun gbogbo. Afẹ́fẹ́ kan náà ń fẹ́. Òtútù ń mú ọ̀kan nínú wa, kò mú èkejì. Lójú Protagoras, afẹ́fẹ́ náà tutù fún ẹni tó ń gbọ̀n, kò tutù fún ẹni tí kò gbọ̀n, kò sì sí ẹjọ́ kankan tó ṣẹ́ kù láti dá. Socrates tún fi ti Heraclitus ará Ephesus kún un, ẹni tó rí ayé bí odò tí kì í dúró lójú kan.

Ó wá fi oríṣiríṣi ọ̀nà bá èrò yìí jà. Ó béèrè ìdí tí Protagoras kò fi sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni òṣùwọ̀n ohun gbogbo, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ náà ń mọ nǹkan lára. Ó mú ọ̀rọ̀ ọ̀la wá: bí ẹnì kan bá ní ibà yóò mú òun, tí oníṣègùn ní kò ní mú un, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ tí ọjọ́ náà bá pé? Ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn ló wúwo jù. Ó béèrè pé, ṣé ojú ló ń ríran ni, àbí àwa là ń gba ojú ríran? Ó ní ohun àrà ni ìbá jẹ́ bí ojú, etí àti àwọn yòókù bá kàn jókòó sínú wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí àwọn jagunjagun tó sá pamọ́ sínú ẹṣin onígi, irú èyí tí àwọn Gíríìkì fi gba ìlú Troy, tí kò sì sí ibì kan tí gbogbo wọn ti pàdé. Ojú kì í gbọ́ ìró, etí kì í rí àwọ̀. Ta ló wá mọ̀ pé àwọ̀ àti ìró jẹ́ nǹkan méjì, pé àwọn méjèèjì wà, pé ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Kò sí ẹ̀yà ara kankan fún ìyẹn. Ọkàn ló ń fúnra rẹ̀ wò ó.

Ìwọ ògbufọ̀, tẹ́tí sí èdè wa níbí. A máa ń ní "mo fi ojú ara mi rí i". "Fi" kékeré yẹn ni Socrates ń wá nínú èdè tirẹ̀: ojú jẹ́ ohun èlò, ẹni tó ń lò ó ló rí. Ohun tó wó ni pé kí ìríran nìkan tó láti jẹ́ ìmọ̀. Kò sọ níbì kankan pé ẹni tí kò rí lè mọ̀ bí ẹni tó rí.

ỌmọẸ̀pẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n sà. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Protagoras díẹ̀, torí ó ti kú kí Socrates tó máa fọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ìwé yẹn.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ògì tí màmá mi fi oyin sí korò lẹ́nu mi bí ewúro. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dùn. Ta ló purọ́ nínú wa? Nínú ìwé náà gan-an, wáìnì dùn lẹ́nu Socrates tí ara rẹ̀ dá, ó korò lẹ́nu Socrates tó ń ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí ẹnu ara mi. Socrates fúnra rẹ̀ gba ẹnu Protagoras sọ̀rọ̀ níbì kan, ó ní oníṣègùn kì í sọ fún aláìsàn pé irọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń pa. Oògùn ló ń fún un títí ipò ara rẹ̀ á fi yí padà sí èyí tó sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ ń ṣe sí ohun ọ̀gbìn tó rọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ti wó o.

Nọ́ọ̀sìOjú

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, ibà ti fi ẹnu mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ará ìlú Protagoras kan wà, Democritus, òun náà ará Abdera, tó fún ẹnu kíkorò yẹn ní ìdáhùn mìíràn. Ó ní nínú àṣà ni dídùn wà, nínú àṣà ni kíkorò wà, àti gbígbóná, àti títutù, àti àwọ̀. Ní òtítọ́, átọ́ọ̀mù, ìyẹn ègé kékeré jù lọ tí a kò lè gé mọ́, àti òfìfo ló wà. Ohun tó dùn, ó ní átọ́ọ̀mù rẹ̀ rí róbótó. Ohun tó kan, tirẹ̀ kéré, ó sì ní igun. Kò sí ẹni tó fojú rí átọ́ọ̀mù láyé ìgbà yẹn. Ìrònú ló fi dé ibẹ̀. Ó pín ìmọ̀ sí méjì: ọ̀kan jẹ́ ọmọ àlè, ti ojú, etí, imú, ẹnu àti ìfọwọ́kàn, èkejì jẹ́ ojúlówó ọmọ, òun la fi ń dé ibi tí ojú kò lè dé mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Democritus ni pé kò jẹ́ kí ọkàn borí lọ́fẹ̀ẹ́. Galen, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ló bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ náà: Democritus jẹ́ kí ojú àti etí dá ọkàn lóhùn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọkàn òṣì, ọ̀dọ̀ wa lo ti gba ẹ̀rí tí o fẹ́ fi bì wá ṣubú? Ìṣubú wa ni ìparun rẹ." Mo kọ ọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn ojú ni mo wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé káàdì lẹ́tà síwájú ènìyàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú kì í sábà ní "n kò rí i". Á ní "E ni", nígbà tó jẹ́ pé F ni. Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ Plato, ti ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ọkàn: ojú kì í sábà ṣìnà lórí ohun tí í ṣe tirẹ̀ gan-an, ìyẹn àwọ̀. Ó rí dúdú lára funfun, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àṣìṣe wọlé nígbà tó di pé ká sọ ohun tí dúdú náà jẹ́ àti ibi tó wà. Òun náà ló sọ pé oòrùn máa ń dà bí ohun tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ó tóbi ju gbogbo ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé lọ, ohun tí a mọ̀ yẹn kò sì mú kí oòrùn tóbi sí i lójú wa.

Ẹ ṣe èyí wò nílé. Ẹ gbé ìka àárín yín gun ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò kí wọ́n kọ́ ara wọn, ẹ pajú dé, kí ẹnì kan fi ẹ̀wà kan há àárín orí ìka méjèèjì, kí ẹ máa yí i. Ẹ̀wà méjì ni yóò jẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ lajú, ọ̀kan ni. Aristotle ló kọ eléyìí sílẹ̀, ó ní ojú là ń gbàgbọ́ níbẹ̀, nítorí àṣẹ ojú ju ti ọwọ́ lọ.

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù

Mo ṣe é! Ọmọ mi obìnrin pariwo pé méjì ni, ó ní kí n má tan òun.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá fún "fi" yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, n kò gbọ́ ọ rí bí mo ṣe gbọ́ ọ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mi ṣì wà nílẹ̀. Bí ìríran kò bá tó, kí ló dé tí ẹlẹ́rìí tó rí fi "mọ̀", tí onídàájọ́ tó dájọ́ tó tọ́ kò "mọ̀"?

Olùkọ́Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bàbá oníjẹ̀ẹ́rìí ilẹ̀ yẹn, àwọn méjì kan ti fi odidi ìwé wádìí rẹ̀. Barry Hallen àti Olubi Sodipo, tí wọ́n kọ́ni ní fásitì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, wọ́n sì bi wọ́n nípa ìgbà tí ènìyàn lè ní òun mọ nǹkan. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé Yorùbá tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kì í lo "mọ̀" fún ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ kò sì jẹ́rìí sí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ẹnu bàbá rẹ̀, ó gbà á, ó gbọ́ ọ: ìgbàgbọ́ nìyẹn. Bí ó bá lọ fúnra rẹ̀, tó rí i, ìgbàgbọ́ yẹn di ìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò pààlà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ka nǹkan nínú ìwé ìtàn lè sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ojú rẹ̀ ló ṣe. Bàbá yẹn ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ni. Ìṣọ́ra rẹ̀ ni lọ́yà sọ di àìmọ̀.

Ẹ wá wo èdè Gíríìkì. "Oida" ni wọ́n ń sọ fún "mo mọ̀". Ara ọ̀rọ̀ "rí" ló ti jáde: ẹni tó ní "oida" ń sọ ní ìpìlẹ̀ pé òun ti rí i. Heraclitus ní ojú jẹ́ ẹlẹ́rìí tó péye ju etí lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àbí? Ṣùgbọ́n Heraclitus kan náà tún ní ojú àti etí jẹ́ ẹlẹ́rìí burúkú fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n: ẹlẹ́rìí wà lórí ìdúró, ó ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò sí. Iṣẹ́ yín ni ọ̀gbẹ́ni yẹn fi ṣàpèjúwe ọkàn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé fi Socrates àti Ọ̀rúnmìlà wé ara wọn, ìyẹn náà yẹ fún ìjíròrò lọ́jọ́ mìíràn.

AkinManchester

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Mo fẹ́ràn ohun tí olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká yára sọ Plato di ọmọ Yorùbá. Ẹlẹ́rìí inú ìwé yẹn jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Plato ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú Meno, ìwé rẹ̀ mìíràn. Ó ní ẹnì kan wà tó mọ ọ̀nà ìlú Larissa nítorí ó ti rìn ín; ẹlòmíràn kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó méfò rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Àwọn méjèèjì á mú ọ dé Larissa. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ó ní èrò tó tọ́ dà bí àwọn ère tí Daedalus, oníṣẹ́ ọnà inú ìtàn àtijọ́ Gíríìkì, gbẹ́, tí wọ́n ní wọ́n máa ń sá lọ bí a kò bá so wọ́n mọ́lẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ ni okùn tí a fi ń so wọ́n. Tí o bá mọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, ó di ìmọ̀, kò lè sá mọ́.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lo tèmi. Nínú Meno yẹn kan náà, Socrates ya onígunmẹ́rin tó dọ́gba sórí ilẹ̀ fún ọmọ ẹrú kan tí kò kàwé rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, inú rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ó ní kí ọmọ náà ya èyí tí inú rẹ̀ yóò jẹ́ 8. Ọmọ náà ní kí a sọ ẹgbẹ́ di 4. Wọ́n yà á: 16 ni. Ó ní kó jẹ́ 3. Wọ́n yà á: 9 ni. Ó dákẹ́, ó ní òun kò mọ̀ mọ́. Socrates yọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó ní ọmọ náà sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí tẹ́lẹ̀ ó rò pé òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìlà láti igun dé igun, ọmọ náà wò ó, ó kà á, ó rí i pé orí ìlà yẹn ni onígunmẹ́rin 8 jókòó lé.

Ojú ló fi wo ilẹ̀ yẹn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ojú tó lè sọ gígùn ìlà yẹn fún ọ. Kò sí òǹkà kankan, kò sí ìdá kankan tó lè kà á tán. Theaetetus gan-an, ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ tí Socrates bá a nìyẹn: olùkọ́ rẹ̀, Theodorus, ti fi hàn wọ́n bí ẹgbẹ́ onígunmẹ́rin 3, 5 àti àwọn yòókù títí dé 17 ṣe kọ̀ láti bá ẹsẹ̀ bàtà kan dọ́gba nínú òǹkà. Ìmọ̀ tí ojú kò lè rí láéláé ni. Nítorí náà, "rí" inú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn, mo gbà á sí pé ẹni náà dé ibi ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ ẹrú yẹn dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó kàn há ìdáhùn náà sórí kò dé ibẹ̀, ì báà jẹ́ ìdáhùn tó tọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú ọmọ méjèèjì ní kíláàsì.

BàbáOníwèé

Akin, o ṣe dáadáa, ọ̀nà Larissa yẹn wúlò. Ṣùgbọ́n "àpẹẹrẹ lásán" ni n kò fara mọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ẹjọ́?

Ẹ ka ìparí ìwé náà. Socrates dìde, ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ sí ìloro Archon (ìjòyè ìlú) tí wọ́n ń pè ní ọba, láti dáhùn ẹ̀sùn tí Meletus fi kan òun. Ẹjọ́ tó pa á nìyẹn, ọdún 399 kí a tó bí Kristi. Nígbà tí Plato ń kọ ìwé yìí, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìtàn tó sì fi ṣí i ni bí wọ́n ṣe gbé Theaetetus bọ̀ láti Corinth pẹ̀lú ọgbẹ́ ogun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, tó ń kú lọ. Ẹni méjì tó ti kú ló ń jíròrò nínú ìwé náà.

Ọmọ mi ògbufọ̀, o mọ ilé ẹjọ́, jẹ́ kí n sọ ti Athens fún ọ. Kò sí adájọ́ tó kàwé òfin. Àwọn ará ìlú ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí wọ́n fi gègé yàn. Òfin wọn kò gba ẹ̀rí àgbọ́sọ, àfi ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú. Ìkòkò omi kan wà tó ń jò sínú èkejì. Bí omi bá tán, ọ̀rọ̀ rẹ tán. Nínú ìwé yìí, Socrates fi àwọn amòye wé àwọn tó dàgbà sí kọ́ọ̀tù: ó ní omi ń lé àwọn ará kọ́ọ̀tù, wọn kò ní àyè láti wádìí ọ̀rọ̀ dé ìdí. Nígbà tó wá dé ibi tí ó ń dà ọ́ láàmú, ó dá omi yẹn padà. Ó ní, ṣé o rò pé àwọn olùkọ́ kan wà tó já fáfá débi pé, kí omi díẹ̀ tó jò tán, wọ́n lè kọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ ní òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀? Theaetetus ní rárá, wọ́n lè pàrọwà fún wọn ni.

Ìdáhùn rẹ wà níbẹ̀. Ohun tó ya ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ sí onídàájọ́ kì í ṣe ẹyinjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ onídàájọ́ láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kó gbà á, láàárín àkókò tí kò tó. Bí ó bá tilẹ̀ bọ́ sí òótọ́, orí ló bá a ṣe é. Plato mọ èyí lára ju bí ìwé ṣe lè sọ lọ. Ó wà ní ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn. Socrates sọ fún àwọn onídàájọ́ pé àwọn olùfisùn tí òun bẹ̀rù jù ni àwọn tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ òun sí wọn létí láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí òun kò lè pè wá jókòó kí òun bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ó ní bí ìbò 30 bá ti yí padà ni, òun ì bá bọ́.

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù

Bàbá. Mo ka eléyìí lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú mi. Ọgbọ̀n ìbò.

ỌmọẸ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó rí kì í ṣìnà. Lẹ́yìn Plato, ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn jà ní Athens nìyẹn. Zeno ará Citium, tó dá ẹgbẹ́ àwọn amòye tí wọ́n ń pè ní Stoic sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 kí a tó bí Kristi, máa ń fi ọwọ́ ṣàlàyé. Á na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, á ní bí nǹkan ṣe hàn sí wa nìyí. Á tẹ ìka díẹ̀, á ní bí a ṣe gbà á nìyí. Á di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, á ní a ti gbá a mú. Á wá fi ọwọ́ kejì di ẹ̀ṣẹ́ yẹn mú gírígírí, á ní ìmọ̀ nìyí, amòye nìkan ló ní in. Ó ní àwọn ìran kan wà tó hàn kedere débi pé wọn kò lè jẹ́ irọ́, àwọn ni a lè dì mú.

Arcesilaus, tó ń darí Akadẹ́mì, ilé ẹ̀kọ́ tí Plato dá sílẹ̀, nígbà náà, ní irú ìran bẹ́ẹ̀ kò sí. Ó ní ìran òótọ́ kankan kò sí tí ìran irọ́ kò lè jọ ọ́ pátápátá. Ọba Ptolemy ti Íjíbítì ti fi èso pomegranate tí wọ́n fi ìda ṣe tan Sphaerus, ọmọ ẹgbẹ́ Stoic, ó nawọ́ mú un, ọba sì pariwo. Sphaerus ní òun kò gbà pé èso ni, òun gbà pé ó bọ́gbọ́n mu kó jẹ́ èso ni. Ìdáhùn rere ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti nà ná. Wọ́n tún fi ẹyin àti ìbejì ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó rí ọ̀kan nínú ìbejì, báwo ló ṣe mọ̀ pé èkejì kọ́? Ẹ̀gbọ́n ògbufọ̀, kí ni ẹlẹ́rìí tó fojú rí ìbejì mọ̀?

ÌyáÌbejì

Mo ti ń kà láti àná, n kò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà mi.

Táyé àti Kẹ́hìndé mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá wọn ṣì máa ń ṣì wọ́n pè. Tíṣà wọn so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ Táyé lọ́wọ́. Èmi kò ṣì wọ́n pè rí láti ọjọ́ kẹta, tí wọ́n bá tilẹ̀ kẹ́yìn sí mi. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo fi mọ̀ wọ́n, n kò lè sọ ọ́ tán. Bí Táyé ṣe ń gbé ọrùn. Bí Kẹ́hìndé ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò ń wo ohun tí mò ń wò, wọn kò rí ohun tí mò ń rí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣé àwọn Stoic yẹn kò dá wọn lóhùn lórí ìbejì ni?

Olùkọ́Ifẹ̀

Wọ́n dáhùn, Màmá, ìdáhùn yín gan-an ni. Ó wà nínú ìwé tí Cicero ará Róòmù kọ sílẹ̀ lórí àríyànjiyàn náà. Wọ́n ní àwọn ìyá máa ń dá ìbejì wọn mọ̀ nítorí ojú wọn ti mọ́ wọn lára. Bí ìwọ náà bá fi ojú rẹ kọ́ ọ, wàá dá wọn mọ̀. Ó tún sọ ti àwọn tó ń sin adìyẹ ní erékùṣù Delos: wọ́n á gbé ẹyin kan wò, wọ́n á sì sọ adìyẹ tó yé e. Àwọn ará Akadẹ́mì kò gbà, wọ́n ní jíjọra ṣì lè pé pátápátá níbòmíràn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni borí nínú ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ojú tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ti jìnnà sí ojú tí Theaetetus fi bẹ̀rẹ̀. Ojú tó ti kọ́ṣẹ́ ni. Aristotle náà sọ ọ́ báyìí: láti inú ìmọ̀lára ni ìrántí ti ń wá, ọ̀pọ̀ ìrántí nípa nǹkan kan náà ni ó ń di ìrírí, láti inú ìrírí sì ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo "ìrírí" yẹn ní Yorùbá. "Rí" ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sìOjú

Bẹ́ẹ̀ ni o. Dókítà àgbà wa á wo ẹ̀yìn ẹyinjú aláìsàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á ní "àtọ̀gbẹ ni". Èmi náà wo ihò kan náà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rí pupa lásán. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta.

AkinManchester

Màmá Ìbejì, mo gbà fún yín. Mo ṣì dúró lórí okùn Daedalus, pé ẹni tó mọ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì ní ẹ kò lè sọ ọ́ tán. Theaetetus alára dá a lábàá nígbẹ̀yìn pé ìmọ̀ ni èrò òtítọ́ tó ní àlàyé, Socrates sì wó ìyẹn náà, torí kò rí ohun tí "àlàyé" yẹn lè jẹ́. Ìwé náà parí láìrí ìdáhùn. Mo máa ń bínú sí ìparí yẹn tẹ́lẹ̀.

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù

Mo ti jókòó ti ìtumọ̀ náà láti aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá:

"Bí àwọn onídàájọ́ bá gba ọ̀rọ̀ gbọ́, lọ́nà tó tọ́, nípa ohun tí ẹni tó fojú rí i nìkan lè mọ̀, tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ọ́n, ṣé kì í ṣe pé àgbọ́sọ ni wọ́n fi dájọ́, pé èrò òtítọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dájọ́ láìní ìmọ̀, bí ìdájọ́ wọn tilẹ̀ dára?"

BàbáOníwèé

Ó dára púpọ̀. Fi "fojú rí" sílẹ̀ bó ṣe wà, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan péré ni n kò gbà. "Gba ọ̀rọ̀ gbọ́" sọ wọ́n di ẹni tó ṣe nǹkan. Nínú Gíríìkì, wọ́n ṣe é fún wọn ni, ẹnì kan pàrọwà fún wọn. Bákan náà, láyé òde òní, ilé ìjọsìn ti gba "gbàgbọ́" lọ́wọ́ wa, òǹkàwé á rò pé Plato ń wàásù.

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù

Mo ti yí i: "Bí a bá pàrọwà fún àwọn onídàájọ́, lọ́nà tó tọ́, nípa ohun tí ẹni tó fojú rí i nìkan lè mọ̀…" Mo kà á sókè, ó dún bí ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́.

Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà ní ọjọ́ Ajé, ẹlẹ́rìí àgbàlagbà ló kàn. Tó bá ní "N kò mọ̀, bàbá mi ló sọ fún mi", n kò ní ké e sí méjì mọ́ kí lọ́yà tó já ìdajì rẹ̀ gbà. Màá dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán, màá sì sọ ọ́ fún adájọ́ lódidi, ní ẹ̀ẹ̀kan náà: wọn kò fojú ara wọn rí i, ẹnu bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.